Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Lẹ́tà Òwò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Òwe yìí ni kí a fi wo àgékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn oníṣòwò wa ń lò nínú ímeèlì sí òkè òkun.

Ní 1886 ni wáyà abẹ́ òkun so Èkó mọ́ London. Iye ọ̀rọ̀ ni a fi ń ṣírò owó wáyà. Ẹni tó gé ọ̀rọ̀ kúrú, àpò ara rẹ̀ ló ń ṣọ́. Nínú lẹ́tà òwò ìgbà náà, 'inst.' dúró fún oṣù tí a wà nínú rẹ̀, 'ult.' fún oṣù tó kọjá. Lónìí, ta ló tún ń kọ wọ́n? Àgékúrú a máa kú bí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá ti lọ tán.

Àwọn kan kò kú. Ní 1936, ICC ní Paris, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àgbáyé, ṣe àkójọ ìlànà tí à ń pè ní Incoterms. FOB àti CIF wà nínú rẹ̀. (Létí agbẹjọ́rò ẹ̀wẹ̀, ICC ni ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé ní The Hague!)

Kí ni èyí kan àwa ará Ore àti Odigbo, ilẹ̀ kòkó? Títí di 1986, bọ́ọ̀dù ìjọba ló ń ta kòkó Nàìjíríà sí òkè òkun. Nígbà tí ìjọba tú bọ́ọ̀dù náà ká, oníṣòwò aládàáni di akọ̀wé ara rẹ̀. Bí ó bá kọ 'FOB Lagos', ẹni tó ra kòkó ni yóò san owó ọkọ̀ ojú omi. Bí ó bá kọ 'CIF Hamburg', òun fúnra rẹ̀ ni yóò san owó ọkọ̀ àti owó adójútòfò títí dé Hamburg. Lẹ́tà mẹ́ta péré lè sọ èrè di gbèsè.

Ímeèlì kì í ka ọ̀rọ̀ gba owó. Nítorí náà, ẹ kọ odindi lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó kọ àbọ̀. Ẹ dárúkọ èbúté, kí ẹ sì sọ ọdún Incoterms tí ẹ ń lò, bíi 2020. Ní ti 'ASAP', ẹ má kọ ọ́ sí ẹni tí ẹ kò tíì mọ̀ dáadáa. Ta ní ń sọ fún àgbà pé 'ṣe kíá'?

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò di odindi nínú ẹni tó gbọ́ ọ, ìjà ló ń bí.