Ìyapa Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀r kúrò nínú ECOWAS

Ọ̀rọ̀ ìyapa tí a fẹ́ là yìí ni ti orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀r, tí wọ́n fi ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, èyíinì ni àjọ tí ó so ọrọ̀-ajé àti ìṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ fún ohun tí ó tó àádọ́ta ọdún dín díẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sí Òkìtìpupa, tí igbó ọ̀pẹ yí i ká, tí ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀ sì já sí omi Ìlàjẹ, lè rò pé ìjà àwọn ará etí aṣálẹ̀ kò kan òun. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà tí ìyàwó ilé ń gé sínú ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ pùpùrú, àti mààlúù tí a ń so mọ́lẹ̀ níbi ìnáwó ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, òkè Ọya ni wọ́n ti ń bọ̀, òmíràn nínú wọn sì ti ré ààlà Nàìjíríà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Èkó Àkéte, ìlú ọgbọ́n, ni orílẹ̀-èdè 15 ti fọwọ́ sí ìwé tí ó dá àjọ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Gnassingbé Eyadéma ti Tógò ni wọ́n ti ń ti ààfin dé ààfin ṣáájú, tí wọ́n ń bẹ àwọn olórí tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ti pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọ̀rọ̀ ECOWAS kì í ṣe àjèjì sí ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1979 ni wọ́n ṣe àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn kí ó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Àwọn Yorùbá oníṣòwò, pàápàá àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò tí wọ́n ti sọ Gánà àti Côte d'Ivoire di ilé kejì, mọ iyì àdéhùn bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé ojú wọn ti rí i ní ọdún 1969 nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn. Àdéhùn náà sì ti wà nílẹ̀ ní ọdún 1983 tí Nàìjíríà náà fi lé àwọn ará Gánà padà, kí a má baà máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọwọ́ tiwa mọ́.

Àwọn ológun ni wọ́n dá rúkèrúdò ti ìsinsìnyí sílẹ̀. Wọ́n gba ìjọba Málì ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ọdún kan kò sì pé tí Assimi Goïta tún fi dojú àga dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba ti Bùrkínà Fasò nínú ọdún 2022, tí ó fi bọ́ sí ọwọ́ Ibrahim Traoré, ọmọ ọdún 34. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, Abdourahamane Tiani, tí ó jẹ́ olórí ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ti Nìjẹ̀r, há ọ̀gá rẹ̀ mọ́lé: ẹni tí a fi ṣọ́ ilé ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ baálé. Òfin ECOWAS kò gba irú èyí láyè. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022 wọ́n ti ààlà mọ́ Málì, wọ́n sì di owó rẹ̀ mọ́ inú báńkì àpapọ̀, títí ó fi di oṣù Keje. Ti Nìjẹ̀r wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ alága àjọ náà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún Tiani ní ọjọ́ méje péré láti dá Bazoum padà sórí àga, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní kọ̀ láti lo agbára. Nàìjíríà pa iná mànàmáná tí ó ń tà fún Nìjẹ̀r, iná tí ó tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí orílẹ̀-èdè náà ń lò.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ọjọ́ méje pé, kò sí ogun, nítorí pé Ilé Aṣòfin Àgbà Nàìjíríà kò fọwọ́ sí i, àwọn ará àríwá sì mọ̀ pé ààlà tí ó lé ní 1,500 kìlómítà, tí ó kan ìpínlẹ̀ méje, kì í ṣe ààlà láàárín ọ̀tá, ìbátan ni ó wà ní apá méjèèjì. A kì í bínú orí kí a fi fìlà dé ìbàdí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí ECOWAS ṣe ní ọdún náà nìyẹn, nítorí pé Tiani kò jí lálẹ́ ọjọ́ kan nínú òkùnkùn, àwọn aboyún àti oníṣòwò Niamey ni wọ́n jí nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ìwé Liptako-Gourma, wọ́n sì di alájọṣe pé ẹni tí ó bá kọlu ọ̀kan kọlu gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ti kúrò nínú ECOWAS lójú ẹsẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ìjíròrò ti bẹ̀rẹ̀. Abala 91 nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 1993 sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ lọ yóò kọ̀wé, yóò sì dúró fún ọdún kan, òfin sì ń dè é títí ọdún náà yóò fi pé. Málì fèsì pé àwọn tí wọ́n ti ààlà mọ́ orílẹ̀-èdè tí kò ní etíkun ti kọ́kọ́ da àdéhùn, wọn kò sì lè máa fi ìwé tí àwọn fúnra wọn ya de ẹlòmíràn. Èsì yìí ní ẹ̀tọ́ díẹ̀ nínú. Gowon, bàbá àjọ náà, kọ lẹ́tà ìpẹ̀tù ní oṣù Kejì, wọ́n sì mú ọ̀pọ̀ ìjẹníyà kúrò lórí Nìjẹ̀r. Síbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún dìpọ̀ di ìjọba alájọṣe ní Niamey ní ọjọ́ 6 oṣù Keje. Ọjọ́ kejì ni ECOWAS yan Ààrẹ Bassirou Diomaye Faye ti Sẹ̀nẹ̀gàl láti bá wọn sọ̀rọ̀. Faure Gnassingbé, ọmọ Eyadéma, náà sì wà nínú ìpẹ̀tù náà.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, Abọ́dì wà ní Ìkọ́yà, Jẹ́gun wà ní Ìdèpé, Rẹ́bùjà wà ní Ọ̀ṣóòrò, oníkálukú ní adé tirẹ̀, kábíyèsí kan kì í sì í gba àṣẹ lọ́wọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ní òun kò bá ìyókù ṣe mọ́, ààfin rẹ̀ ni yóò jókòó sí, kò lè gbé ojú ọ̀nà tí gbogbo wọn ń rìn kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn mẹ́ta yìí. Kò sí èyí tí ó ní òkun: Abidjan, Dakar, Lomé àti Kutonu ni ọkọ̀ ẹrù wọn ń lọ. Epo rọ̀bì Nìjẹ̀r ń gba inú ọ̀pá tí ó gùn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà lọ sí Sèmè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bẹ́ẹ̀ Nìjẹ̀r àti Bẹ̀nẹ̀ kò rí ara wọn sójú lẹ́yìn ọdún 2023. Owó CFA sì ṣì ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ márùn-ún nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS, nítorí pé wọn kò kúrò nínú àjọ owó náà, UEMOA. Ilẹ̀ tí wọ́n ní ju ìdajì ilẹ̀ ECOWAS lọ, àwọn agbéṣùmọ̀mí tí ń da wọ́n láàmú sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí àríwá Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ìdí nìyí tí ìhà kejì pẹ̀lú kò fi lè káwọ́ gbera pé kí wọ́n máa lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí irú ìyapa yìí ṣe máa ń pẹ́ tó, kí ó wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó dìbò láti kúrò ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, tí kò sì jáde títí di òpin oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020. Nítòsí wa, Mauritáníà ti fi ECOWAS sílẹ̀ láti ọdún 2000, ní ọdún 2017 ni ó tún wá fọwọ́ sí ìwé àjọṣe.

Ní ìpàdé Àbújá ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ECOWAS fún wọn ní oṣù mẹ́fà sí i, títí di ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2025, bóyá wọn yóò yí ọkàn padà. Wọ́n kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìpàdé náà, àwọn fúnra wọn ti kéde pé ọmọ ECOWAS lè wọ ilẹ̀ àwọn láìgba físà. Ní ọjọ́ ìyapa gan-an, ECOWAS pàṣẹ fún àwọn oníbodè rẹ̀ pé kí wọ́n ṣì máa gba ìwé ìrìnnà tí àmì àjọ wà lára rẹ̀, kí ẹrù tí ó bá òfin mu sì máa kọjá bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, títí a ó fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Ní ìparí oṣù Kẹta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bu owó-orí ìdajì náírà lórí ọgọ́rùn-ún náírà lé ẹrù tí ó bá wọlé láti ìta, àfi ti ìrànwọ́. Omar Alieu Touray, ààrẹ ìgbìmọ̀ àmúṣẹ ECOWAS, lọ bá àwọn mínísítà wọn ní Bamako ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìrìnnà ènìyàn, ọ̀rọ̀ ẹrù àti ọ̀rọ̀ ààbò síwájú gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọn yóò máa jíròrò lé lórí. Owó-orí náà kò tí ì kúrò nígbà tí wọ́n túká.