Ohun tí ẹ lè retí nígbà tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bá wá nu òpó èéfín ilé búrẹ́dì

Òpó èéfín ni ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde láti inú ààrò búrẹ́dì tí à ń fi igi dá. Bí èéfín ṣe ń gòkè, ó ń fi ọ̀dà dúdú sílẹ̀ lára òpó náà, pàápàá bí igi bá tutù. Ọ̀dà yìí lè gbiná, kí iná náà sì ran òrùlé. Bí ó bá dí òpó, afẹ́fẹ́ olóró tí à ń pè ní carbon monoxide yóò padà sínú ilé. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru tàbí tó ń sùn nítòsí ààrò.

Kí wọ́n tó dé
Ẹ pa iná, kí ẹ sì jẹ́ kí ààrò tutù pátápátá. Ààrò bíríkì lè mú ooru dání ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ kó ìyẹ̀fun, páànù àti búrẹ́dì kúrò nítòsí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ
Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ tan iná tọ́ọ̀ṣì wo inú òpó. Yóò fi aṣọ bo ẹnu ààrò, yóò lo ìbòmú, yóò sì fi búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn tó bá fífẹ̀ òpó mu ha ọ̀dà náà. Yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òpó ti sán, bóyá ẹyẹ ti tẹ́ ìtẹ́ sí i, àti bóyá ìdérí orí rẹ̀ ṣì dúró. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni finá jó ọ̀dà náà dànù.

Kí wọ́n tó lọ
Wọn yóò dáná díẹ̀ láti rí i pé èéfín ń gòkè geere. Ẹ gba àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n rí. Inú àpò ni kí wọ́n kó ìdọ̀tí náà sí, kì í ṣe inú gọ́tà.

Ìgbà tó yẹ
Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ òpó wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Èyí tí a ń lò lójoojúmọ́ nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èéfín bá ń padà sínú ilé, ẹ má ṣe dúró de ọdún.

Bí ewu bá dé
Bí orí bá ń fọ́ àwọn òṣìṣẹ́, tí òòyì sì ń kọ́ wọn, kí gbogbo wọn jáde síta kíákíá, kí wọ́n sì lọ sí ilé ìwòsàn. Bí òpó bá gbiná, ẹ ti ilẹ̀kùn ààrò, ẹ má da omi sí i, ẹ jáde, kí ẹ sì pe 112.