Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Okùn Ayélujára Àjọlò ní Williamsville

Ìfáárà

Àwọn tí ó sọ íntánẹ́ẹ̀tì ní ayélujára kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ayé lu, ó sì já síra: ohun tí ó jẹ́ ògiri tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí a lè gbà kọjá. Ṣùgbọ́n orúkọ náà gbé ìbéèrè mẹ́ta pamọ́. Ta ni ó lu ihò náà? Ta ni ó ń san owó rẹ̀? Kí sì ni a óò ṣe ní ọjọ́ tí ihò náà bá dí? Nínú àròkọ yìí, ìtàn ni a fẹ́ fi dáhùn wọn. Àpẹẹrẹ tí a óò lò ni àgbàlá kan ní Williamsville, níbi tí ìdílé márùn-ún, tí tèmi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ti jókòó láti yan okùn ayélujára kan ṣoṣo tí gbogbo wọn yóò jọ máa lò.

Williamsville jẹ́ àdúgbò kan lábẹ́ Adjamé, ní ìhà àríwá Plateau tí àwọn ọ́fíìsì ńláńlá Abidjan wà. Ibi ìsìnkú tí ó wà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwa tí a ń gbé ibẹ̀ fi mọ̀ ọ́n ni àgbàlá àjọgbé, níbi tí yàrá àwọn ayálégbé ti yí ojúde kan ká, tí wọ́n sì jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan. Nítorí náà, àjọlò kì í ṣe àṣà tí ayélujára ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá.

Láti Grand-Bassam títí dé orí SAT-3

Láàárín àwọn ọdún 1880 ni wáyà tẹligíráàmù abẹ́ òkun dé Grand-Bassam, ní àsìkò kan náà tí irú rẹ̀ dé Èkó. Nígbà tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ jà ní Grand-Bassam ní 1899, àwọn Faransé kó olú-ìlú wọn lọ sí Bingerville ní 1900; ní 1934 ni wọ́n gbé e wá sí Abidjan. Àwọn Yorùbá tí ó wá ṣòwò ní ilẹ̀ yìí, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni àwọn onílẹ̀ ń pè ní Anango. Àwọn wọ̀nyí kò rí wáyà ìjọba lò bí ó ti wù wọ́n. Ẹni tí ó bá ń lọ sílé ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ àti owó rán. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà gbilẹ̀, tí ẹni tí ó mọ̀wé ń bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ. Nígbà tí tẹlifóònù dé, ilé ẹnìkan tàbí ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan ni gbogbo àdúgbò ti ń gba ìpè. Bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín lò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí.

Ní 1995 ni Côte d'Ivoire gba .ci, àmì tirẹ̀ lórí ayélujára. Ní 1997 ni ìjọba ta èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìpín ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù rẹ̀ fún France Télécom. Ìyípadà tí ó tóbi jù dé ní 2002, nígbà tí okùn abẹ́ òkun SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Okùn yìí ti ilẹ̀ Portugal lọ títí dé Gúúsù Áfíríkà, ó gùn ju kìlómítà 14,000 lọ, ó sì yà sí Dakar, Abidjan, Accra, Cotonou àti Èkó. Ṣáájú rẹ̀, sátẹ́láìtì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú wọ̀nyí gbójú lé. Sátẹ́láìtì tí ó dúró lójú kan lókè wa wà ní nǹkan bí kìlómítà 36,000. Kí ìbéèrè tó gòkè, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ìdáhùn sì tún gba ọ̀nà kan náà padà, ó ti tó bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tí ó bá ti fi bẹ́ẹ̀ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí yóò rántí bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu.

Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàápàá ti gbìyànjú àjọlò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn para pọ̀ dá RASCOM sílẹ̀, wọ́n sì fi orílé-iṣẹ́ rẹ̀ sí Abidjan. Ní oṣù Kejìlá 2007 ni wọ́n fi sátẹ́láìtì àjọni wọn àkọ́kọ́ sójú òfuurufú. Gáàsì jò lára rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ sì kúrú. Ní 2010 ni wọ́n fi òmíràn rọ́pò. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí a jọ ní, bí ó bá bàjẹ́, gbogbo wa ni ó bàjẹ́ fún. Ẹni tí yóò bá dá àjọlò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ro ti ọjọ́ ìbàjẹ́ mọ́ ọn.

Ìpàdé àgbàlá wa

Okùn bàbà ni àgbàlá wa kọ́kọ́ lò, irú èyí tí tẹlifóònù àtijọ́ ń gbà, tí wọ́n fi ADSL sí. Àbùkù bàbà ni pé bí ilé bá ṣe jìnnà sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tó ni agbára okùn náà ṣe ń dín kù tó. Bí òjò bá rọ̀, tiwa a máa kú. A pe ilé-iṣẹ́ tí ó ni okùn náà títí ó fi sú wa. Ọ̀la ni wọ́n ń dá fún wa.

Iṣẹ́ kan wà tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju àwọn yòókù lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo máa ń kó àwọn ọmọ àgbàlá jọ síwájú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè bá àwọn ìyá àgbà wọn ní Èjìgbò sọ Yorùbá. Faransé ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń sọ nílé ìwé àti ní òpópónà. Wákàtí kan yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gbọ́ ẹnu àgbàlagbà tí kò gbọ́ Faransé rárá, tí kò sí ọgbọ́n tí wọ́n fi lè yẹ Yorùbá sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan ń ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní oríkì, okùn sì já ní àárín rẹ̀. Nígbà tí a óò fi rí i so padà, ìyá ti lọ sùn. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti di ẹni ilẹ̀. Oríkì yẹn kò parí mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni Àlàájì onílé pe ìpàdé. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú wa: kí a tún ti bàbà ṣe, kí a ra ẹ̀rọ tí ń fi káàdì síìmù fa íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òpó, tàbí kí a gba okùn onígíláàsì, tí gbogbo ènìyàn níbí ń pè ní fibre. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú okùn yìí, ọ̀nà jíjìn àárín ìlú kò sì dín in kù bí ti bàbà. Àwọn ọ̀dọ́ ń ka iye mẹ́gábíìtì tí a kọ sára ìwé ìpolówó. Mo ní kí wọ́n farabalẹ̀. Bí okùn bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ìdílé márùn-ún sì ń wo fídíò lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́rin-mẹ́rin ni yóò kan wọn. Iye tí a fi ń fa nǹkan wọlé ni ìpolówó sábà máa ń kọ gàdàgbà; iye tí a fi ń gbé ohùn àti àwòrán tiwa jáde lè kéré jìnnà sí i, òun gan-an sì ni ẹ̀kọ́ Sátidé nílò. Ó tún yẹ kí a ka ìwé àdéhùn, nítorí pé àwọn kan kò gbà kí ìdílé mìíràn lò ó, orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni gbèsè sì máa ń wà.

Fibre ni a yàn. Ọ̀rọ̀ owó ni ó wá kù. Opó kan wà láàárín wa, tí àgbàdo sísun ni ó ń tà. Ó ní, "Ẹ máa lò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi kò ní lè san iye tí olówó oṣù ń san." Àlàájì dá a lóhùn pé, "Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní, ìyàwó wa. Tọ́rọ́ tí apá rẹ bá ká ni kí o mú wá." A pín owó náà bí agbára oníkálukú ti mọ. Ọmọ opó yìí ni ó wá di ẹni tí ń kọ orúkọ ẹni tí ó san sínú ìwé, ní ọ̀nà tí àwọn ìyá wa ń gbà kọ owó èésú.

Ọjọ́ tí òkun sọ̀rọ̀

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn mẹ́rin ni ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun tí ó wà níwájú Côte d'Ivoire: SAT-3, WACS, ACE àti MainOne. Orílẹ̀-èdè yìí wà lára àwọn tí ó fara gbá jù; Nàìjíríà, Gánà àti Benin náà jẹ nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ MainOne ṣàlàyé pé ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni ó mì. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi tún wọn ṣe. Ní àgbàlá wa, fibre kò já, iná ara ẹ̀rọ rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò kọjá etíkun. Ìgbà náà ni ó yé wa pé ìyára yàtọ̀ sí ìdánilójú. Okùn mẹ́rin ni lórí ìwé. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí wọ́n ti jọ gba ibì kan náà, ọ̀nà kan ni wọ́n.

Àgbálọgbábọ̀

Láti ìgbà náà, a ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún káàdì síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn, nítorí ọjọ́ tí fibre wa bá já. Nítorí ọjọ́ tí òkun bá tún sọ̀rọ̀, mo ń gba ohùn àwọn ìyá àgbà sílẹ̀, mo sì ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbi tí kò nílò okùn kankan. Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ẹ̀yin olùkọ́ èdè ẹlẹgbẹ́ mi kò ju èyí lọ: bí ẹ bá fẹ́ yan okùn tí ẹ óò jọ máa lò, ẹ má ṣe béèrè bí ó ti yára tó nìkan. Ẹ béèrè ibi tí ó gbà wọlé, ẹ béèrè ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé e, kí ẹ sì gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí okùn bá dára. Àwọn baba wa ti ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwa tí a jókòó ní etíkun Abidjan ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kò ní jiyàn.