Adápútà Wi-Fi fún kọ̀ǹpútà: bí a ṣe ń yan èyí tó ṣeé gbọ́kàn lé

Adápútà Wi-Fi ni ohun èlò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá rúútà, MiFi tàbí hotspot orí fóònù sọ̀rọ̀ láìsí wáyà láàárín wọn. Ó ń sọ dátà inú kọ̀ǹpútà di ìgbì rédíò, ó sì ń sọ ìgbì rédíò tó bá gbà padà di dátà. Láptọ́ọ̀pù òde òní ti ní tirẹ̀ nínú láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní, bẹ́ẹ̀ ni láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wà tí tirẹ̀ ti kú, tàbí tí èyí tó wà nínú rẹ̀ kò mọ ìgbì kankan yàtọ̀ sí 2.4 GHz. Àwọn tó ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń wá adápútà rà. Nínú ọjà Computer Village ní Ikeja, kékeré tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ wà, èyí tó ní ẹ́ríà gígùn méjì wà, páálí wọn sì kún fún nọ́ńbà ńláńlá.

Orúkọ ara páálí kì í sábà jẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ gan-an. Ilé-iṣẹ́ tó lorúkọ lára páálí ló to ike, ẹ́ríà àti bọ́ọ̀dù pọ̀, ṣùgbọ́n chip tó wà láàárín, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe é. Chip yìí ló ń pinnu bóyá adápútà máa ṣiṣẹ́ lórí Windows tàbí Linux, bóyá yóò máa já lójijì, àti bóyá yóò ṣì wúlò lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àwọn tó ń ṣe chip Wi-Fi kò pọ̀: Intel, Qualcomm, Broadcom, MediaTek àti Realtek ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá mọ chip tó fẹ́ kí ó tó jáde nílé ti ṣe iṣẹ́ tó le jù nínú rírà yìí.

Bí Wi-Fi ṣe dé inú kọ̀ǹpútà

Ní 1985 ni FCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rédíò àti ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, fàyè sílẹ̀ kí àwọn èèyàn máa lo àwọn ìgbì kan, títí kan 2.4 GHz, láìgba ìwé àṣẹ. Vic Hayes, tó ń bá ilé-iṣẹ́ NCR ṣiṣẹ́ ní Netherlands, ló darí ìgbìmọ̀ IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, tó kọ ìlànà 802.11, ìlànà náà sì jáde ní 1997. Eré tó kọ́kọ́ sá kò ju 2 Mbps lọ. Ní 1999, 802.11b gbé e dé 11 Mbps, ọdún yẹn náà sì ni Apple mú iBook jáde, láptọ́ọ̀pù tí a lè ki káàdì AirPort bọ inú rẹ̀. Ní 2003, Intel kó Wi-Fi mọ́ ohun tó pè ní Centrino, láti ìgbà náà ni Wi-Fi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ara láptọ́ọ̀pù.

Lẹ́yìn b ni g dé, lẹ́yìn g ni n, lẹ́yìn n ni ac. Lẹ́tà wọ̀nyí ń da àwọn olùrà láàmú, nítorí náà Wi-Fi Alliance, ẹgbẹ́ tó ń fún ohun èlò Wi-Fi ní ìwé ẹ̀rí, fi nọ́ńbà rọ́pò wọn ní 2018: n di Wi-Fi 4, ac di Wi-Fi 5, ax di Wi-Fi 6. Wi-Fi 6E ni Wi-Fi 6 tó tún mọ ìgbì 6 GHz. Wi-Fi 7 ló tẹ̀lé e, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ohun èlò rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí ní 2024.

Chip ni kókó

Àpẹẹrẹ kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo Linux mọ̀, òun ni TL-WN722N ti TP-Link. Ẹ̀dà kìíní rẹ̀ lo chip AR9271 ti Atheros, ilé-iṣẹ́ tí Qualcomm rà ní 2011. Dráífà rẹ̀, sọ́fíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lò ó, ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀, kódà wọ́n tú kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú chip náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ ààbò nẹ́tíwọ́ọ̀kì fẹ́ràn rẹ̀ gidi, torí pé ó lè tẹ́tí sí gbogbo ohun tó ń kọjá lójú afẹ́fẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n darí sí i nìkan. Wi-Fi 4 ni, kò sì mọ ju 2.4 GHz lọ, síbẹ̀ òkìkí rẹ̀ kàn.

Nígbà tí ẹ̀dà kejì dé, orúkọ kò yí padà, ìrísí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ẹ́ríà tó ṣeé tú náà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Realtek RTL8188EUS ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Dráífà tó ń gbé ẹ̀dà kìíní kò lè gbé ti ìkejì. Àwọn tó ka ìmọ̀ràn àtijọ́ tí wọ́n sì sáré lọ rà á bá ohun mìíràn délé. Ohun tó ń fi ìyàtọ̀ hàn lára rẹ̀ kò ju lẹ́tà V àti nọ́ńbà kékeré kan lọ, lára sítíkà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí a bá kì í bọ kọ̀ǹpútà, àṣẹ lsusb lórí Linux yóò fi 0cf3:9271 hàn fún ẹ̀dà kìíní àti 2357:010c fún èyí tó ní chip Realtek. Lórí Windows, inú Device Manager ni a ti ń rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, lábẹ́ Details, níbi tí wọ́n kọ Hardware Ids sí. Nọ́ńbà yìí kò ṣeé fi páálí bò mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe TP-Link nìkan ló ń ṣe báyìí. Ilé-iṣẹ́ tó bá rí chip tó rọjú máa ń pààrọ̀ èyí tó wà nínú ọjà rẹ̀ láìyí orúkọ padà, olùrà ló kù kó fi ojú sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn tó bá dárúkọ ọjà láìdárúkọ ẹ̀dà kò fi níye lórí.

Lórí Windows, ọ̀rọ̀ dráífà kì í le púpọ̀, nítorí ó ń wá ọ̀pọ̀ wọn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti wá a, ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì, íntánẹ́ẹ̀tì gan-an la sì ń wá adápútà sí. Nítorí èyí ni adápútà USB kan fi máa ń kọ́kọ́ fara hàn bíi CD nígbà tí a bá kì í bọ ẹ̀rọ: dráífà ló wà nínú CD náà, ẹ̀yìn tí a bá fi dráífà náà sínú kọ̀ǹpútà ni ohun èlò náà yóò wá di adápútà. Lórí Linux, irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ lè nílò sọ́fíwíà usb_modeswitch, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò sì rò pé ọjà náà ti bàjẹ́.

Fún Linux, òfin tí mo fara mọ́ jù ni pé kí a ra chip tí dráífà rẹ̀ ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀. Èyí tó jẹ́ pé àwọn èèyàn lẹ́yìn òde ló ń tún dráífà rẹ̀ ṣe lè ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí, kí Linux tuntun dé lọ́la, kí Wi-Fi sì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ra adápútà RTL8812AU fi jẹ ìyà yìí, kó tó di pé dráífà rẹ̀ wọnú Linux 6.14 ní 2025. MT7921AU ti MediaTek, tó jẹ́ Wi-Fi 6, ti ní tirẹ̀ nínú Linux 5.18 láti 2022. Tí mo bá ń ra ti USB fún Linux, òun ni n óò kọ́kọ́ béèrè.

Nọ́ńbà ara páálí

AC600, AC1200, AX1800, AX3000: nọ́ńbà wọ̀nyí jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Eré orí 2.4 GHz ni wọ́n ro pọ̀ mọ́ eré orí 5 GHz. AC600 jẹ́ 150 àti 433, tó jẹ́ 583, tí wọ́n wá sọ di 600. AC1200 jẹ́ 300 àti 867. AX1800 jẹ́ 574 àti 1201, AX3000 sì jẹ́ 574 àti 2402. Àwọn adápútà ìran wọ̀nyí kì í lo ìgbì méjèèjì pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ni wọ́n ń lò. Nítorí náà ẹni tó ra AC600 tó sì wà lórí 2.4 GHz ra 150. Kódà 150 yẹn, eré tó ṣeé ṣe nígbà tí ohun gbogbo bá gún régé ni. Èyí tí fáìlì yóò fi rìn sábà máa ń sún mọ́ ìdajì rẹ̀.

Ojú USB náà ní ààlà tirẹ̀. USB 2.0 kò lè gbé ju 480 Mbps lọ, nítorí náà adápútà AC1200 tó jẹ́ USB 2.0 kò ní ọ̀nà tí 867 yóò gbà kọjá. Ó sì yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tó ń bọ̀ láti ìta. Bí 20 Mbps ni MiFi ń fún wa, adápútà AX3000 kò lè sọ ọ́ di 21. Níbi tí adápútà tó yára ti wúlò ni ilé tàbí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbé fáìlì ńlá láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, tàbí ibi tí okùn fáíbà ti wọlé.

Ọ̀rọ̀ ìgbì ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ eré lọ fún ọ̀pọ̀ ilé. 2.4 GHz ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá ju 5 GHz lọ. Àmọ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ ti dí: Bluetooth wà níbẹ̀, máíkírówéfù ilé ìdáná wà níbẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta péré, 1, 6 àti 11, ni kì í gba ara wọn lójú, gbogbo rúútà àdúgbò sì ni wọ́n jọ ń pín in. Ní ilé alájọgbé tí yàrá mẹ́jọ ti ní MiFi mẹ́jọ, 5 GHz ló máa ń gbani. Kí a tó ra adápútà nítorí rẹ̀, kí a wò ó bóyá MiFi tàbí rúútà tiwa ní 5 GHz, torí ọ̀pọ̀ MiFi olówó pọ́ọ́kú kò ní in. Ti 6 GHz ṣì ṣọ̀wọ́n. Ó nílò rúútà tó mọ̀ ọ́n, kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows sì gbọ́dọ̀ wà lórí Windows 11.

Ìrísí àti ibi tí yóò jókòó sí

Adápútà USB kékeré rọrùn láti gbé kiri, ṣùgbọ́n ẹ́ríà inú rẹ̀ kéré bíi tirẹ̀, ara rẹ̀ sì ń gbóná. Fún ẹni tí rúútà rẹ̀ wà nínú yàrá kan náà, ó tó. Bí ògiri méjì bá wà láàárín, kó wá èyí tó ní ẹ́ríà ìta.

Ìṣòro kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí. Ní 2012, Intel tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé ariwo rédíò tó ń jáde lára USB 3.0 máa ń bọ́ sórí 2.4 GHz gẹ́lẹ́. Bí a bá ki adápútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ háàdì díìsìkì USB 3.0 tó ń ṣiṣẹ́, Wi-Fi lè máa já tàbí kó falẹ̀, kí a sì máa di ẹ̀bi rẹ̀ ru rúútà. Okùn USB tó gùn díẹ̀, tó gbé adápútà kúrò lẹ́bàá ẹ̀rọ, ló sábà máa ń yanjú rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, káàdì PCIe ló dára jù. Ó ń jẹ iná tó tó, kì í gbóná bíi ti USB, ẹ́ríà rẹ̀ sì ṣeé gbé sórí tábìlì kó má bàa sá pamọ́ sẹ́yìn irin. Nínú láptọ́ọ̀pù, káàdì M.2 ni a ń pààrọ̀, ibí yìí sì ni owó ti ń ṣòfò jù. AX200 àti AX210 ti Intel lè bọ́ sínú láptọ́ọ̀pù Intel tàbí AMD, ṣùgbọ́n AX201 àti AX211, tí ìrísí wọn jọ tiwọn, pín iṣẹ́ wọn pẹ̀lú chip Intel tó wà lórí bọ́ọ̀dù. Lórí AMD tàbí Intel àtijọ́, wọn kò ní fọhùn. Àwọn HP àti Lenovo àtijọ́ kan tún wà tí BIOS wọn, sọ́fíwíà tó ń tan ẹ̀rọ, kò gba káàdì tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ wọn. Tí a bá fi òmíràn sí i, ẹ̀rọ náà kò ní tan kọjá ojú ìwé ìkìlọ̀. Wáyà ẹ́ríà inú láptọ́ọ̀pù kéré gan-an, orí rẹ̀ sì máa ń tètè ṣẹ́, kí a tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi dún.

Ààbò

WEP, ààbò Wi-Fi àkọ́kọ́, ti di yẹpẹrẹ láti 2001. WPA2 dé ní 2004, WPA3 ní 2018. Ní 2017, Mathy Vanhoef àti Frank Piessens ní yunifásítì KU Leuven ní Bẹ́ljíọ̀mù fi hàn nínú ìkọlù tí wọ́n pè ní KRACK pé WPA2 náà ní ihò. Sọ́fíwíà àti dráífà tuntun ni wọ́n fi dí i, adápútà tí ẹni tó ṣe é ti pa tì kò sì rí àtúnṣe kankan gbà. Nítorí náà, kí a wo ọjọ́ tí dráífà chip náà jáde kẹ́yìn. Bó bá ti tó ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, kò yẹ kó di tuntun lọ́wọ́ wa.

Níbi ìrajà

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí lọ́jà Computer Village. Kí olùrà mú láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ dání, kó ki adápútà bọ̀ ọ́, kó so ó mọ́ hotspot orí fóònù rẹ̀, kó rìn kúrò díẹ̀ kó sì wò ó bóyá kò já. Kó ka nọ́ńbà inú Device Manager, kó fi wá orúkọ chip lórí fóònù, kó tó ka owó sílẹ̀. Adápútà tí páálí rẹ̀ kò sọ chip, tí kò sọ ẹ̀dà, tí kò sì sọ bóyá ó mọ 5 GHz, 2.4 GHz nìkan ló sábà máa ń mọ̀. Olùtajà tí kò bá sì gbà kí wọ́n dán ọjà rẹ̀ wò kó tó gbowó, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òpópónà Otigba nínú ọjà náà.