Ìtàn Ashaiman àti Ìjàǹbá Inú Ilé

Bí ènìyàn bá kúrò ní Tema, èbúté ńlá ilẹ̀ Gánà, tí ó kọjú sí ìhà àríwá, kì yóò rìn jìnnà kí ó tó dé ìlú kan tí a ń pè ní Ashaiman. Ìwé ìtàn tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ ìlú náà ní ìtàn kan tí ó kan gbogbo ẹni tí ń kọ́ ọmọ, èyí nì ni ìtàn ìjàǹbá inú ilé: iná tí ń jó ọmọ ní ẹ̀gbẹ́ ààrò, omi gbígbóná tí ń dà síni lára, ọmọ tí ó mu epo òyìnbó nínú ìgò, àti aláìsàn tí ẹ̀mí bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Níbo ni ìyá rẹ̀ wà?” Ìbéèrè náà rọrùn láti bèèrè. Èrò tèmi ni pé ó ti ṣì wá lọ́nà fún ìgbà pípẹ́. Ìjàǹbá inú ilé ní orírun tí ó jìnnà sí ọwọ́ ìyá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n níláti kọ́kọ́ bèèrè bí a ti ṣe kọ́ ilé náà, ohun tí a fi ń dáná nínú rẹ̀, àti bí ọ̀nà ti gùn tó láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ní ọdún 1952, nígbà tí Kwame Nkrumah jẹ́ olórí ìjọba Gold Coast, ìjọba gba ilẹ̀ tí ó ju 60 máìlì onígun mẹ́rin lọ láti kọ́ èbúté tuntun àti ìlú tuntun sí Tema. A dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, Tema Development Corporation, láti bójú tó iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó yá, a ké sí Doxiadis, ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú iṣẹ́ ìfètò ìlú, ó sì pín ìlú náà sí àdúgbò-àdúgbò, kí olúkúlùkù ní ọjà àti ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Àwọn apẹja tí ó ti ń gbé etíkun náà láti ọjọ́ pípẹ́ ni a kó lọ sí ibùgbé tuntun ní ọdún 1959. A ṣí èbúté náà ní ọdún 1962. Gbogbo èyí dára lójú àwòrán. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ru òkúta, tí ń po sìmẹ́ńtì, tí ń gbẹ́ ilẹ̀, ni kò rí ààyè nínú àwòrán náà, nítorí owó ilé Tema ga ju owó iṣẹ́ wọn lọ. Ashaiman ni wọ́n yà sí. Ní ọdún 1960, àwọn ará ibẹ̀ kò ju bí 2,600 lọ. Ní ọdún 1970 wọ́n ti ju 22,000. Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 2010, wọ́n jẹ́ 190,972. Ìlú tí ó di ìlọ́po mẹ́jọ láàárín ọdún mẹ́wàá kò lè dúró de ayàwòrán ilé.

Pákó àti páànù ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé ìgbà náà. Yàrá kan náà ni a ń sùn, tí a ń jẹun, tí a sì ń kó ẹrù sí. Ẹnu ọ̀nà tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìdáná wà. Àdògán onírin tí a ń fi èédú sí ni a fi ń se oúnjẹ. Ilẹ̀ ni àdògán náà ń dúró sí, ẹnu rẹ̀ sì ṣe déédéé ojú ọmọ tí ń rá. Nígbà tí ìkòkò omi bá ń hó lórí rẹ̀, tí ọmọ méje ń sáré kiri nínú agbo ilé tí kò fẹ̀ ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan lọ, a kò níláti wá ọ̀daràn kankan kí a tó mọ ìdí tí omi fi dà. Ní ọdún 1965 ni a parí ìdídò Akosombo, láti ọdún 1967 ni iná mànàmáná rẹ̀ sì ti ń yọ́ alumíníọ̀mù ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Tema. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, àtùpà ni a ń tàn nínú ọ̀pọ̀ yàrá tí kò jìnnà sí ibẹ̀.

Àtùpà kò lè ṣe aláìmu epo. Ẹni tí ń gba owó iṣẹ́ ojoojúmọ́ kì í ra kẹrosíìnì ní gálọ́ọ̀nù; díẹ̀díẹ̀ ni ó ń rà á, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ó sì máa ń rà á sí. Ọmọ ọdún méjì kò mọ̀wé kà. Ohun tí ó mọ̀ ni pé nínú irú ìgò yẹn ni nǹkan dídùn ti ń jáde. Nígbà tí ó bá sì ti mu ún, àwọn àgbà a sáré gbé epo pupa, wọ́n a rọ ọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n a ti ìka bọ̀ ọ́ ní ọ̀fun kí ó lè bì. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Kẹrosíìnì kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ibi nínú ikùn bí ó ti ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọmọ bá bì í, ó lè gba ọ̀fun bọ́ sí ibi tí èémí ń gbà. Ọmọ tí ó bá ń húkọ́ lẹ́yìn tí ó mu ún, tí ó ń mí lemọ́lemọ́, tàbí tí oorun ń kùn ún lójú láìṣe àkókò oorun, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, láìfún un ní ohunkóhun mu, kí a sì mú ìgò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tí ó mu. Ní nǹkan bí ọdún 1990, ìjọba Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ènìyàn níyànjú láti máa lo gáàsì kí igbó má bàa tán. Gáàsì gbé ìdáná kúrò nílẹ̀, ọpẹ́ ni fún èyí, ṣùgbọ́n ewu tirẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú ń rí. Imú ni ó ń mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó bá sì gbóòórùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣáná, kò gbọdọ̀ tan iná mànàmáná tàbí pa á. Kí ó ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ó dí ẹnu àgbá gáàsì bí ó bá lè ṣe é, kí gbogbo ará ilé sì bọ́ síta.

Nípa iná àti omi gbígbóná, ìwádìí kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Samuel Forjuoh, ọmọ ilẹ̀ Gánà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn òbí ní agbègbè Ashanti, wọ́n bèèrè nípa ọmọ kékeré tí iná tàbí omi gbígbóná ti fi àpá sí lára, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 1995. Inú ilé ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìjàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀, ní ibi ìdáná àti ní àgbàlá. Nínú ilé tí a bá ń tọ́jú epo tí ń gbiná sí, ewu ọmọ pọ̀ sí i. Nínú ilé tí ìyá bá ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ewu náà dín kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ọmọbìnrin tí ó jókòó níwájú yín lónìí ni yóò di ìyá ilé lọ́la.

Wọ́n rí ohun mìíràn pẹ̀lú: àwọn tí ó da omi tútù sí ojú iná kò tó ìdajì. Kò sì yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, nítorí àwọn oníṣègùn òyìnbó pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Láti ọdún 1925 ni wọ́n ti ń fi oje kan tí a fi ń sọ awọ ẹran di líle pa ojú iná ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, títí wọ́n fi rí i ní àwọn ọdún 1940 pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ aláìsàn jẹ́. Ní ọdún 1959, dókítà kan ní Reykjavik, ìlú ńlá ilẹ̀ Iceland, Ófeigur Ófeigsson, tẹ ìwé kan jáde lórí àdánwò tí ó fi èkúté ṣe: èyí tí a tètè fi omi tútù wẹ̀ ojú iná rẹ̀ sàn ju èyí tí a kò wẹ̀ lọ. Ìyẹn ni àwọn dókítà wá gbà nígbẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n ń sọ nísinsìnyí ni pé kí a da omi tí ó tutù níwọ̀nba sí ojú iná fún 20 ìṣẹ́jú, ó sì ń ṣàǹfààní títí di wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìjàǹbá. Kì í ṣe omi dídì. Kì í ṣe ẹyin, epo pupa, tàbí ọṣẹ ìfọyín. Kí a bọ́ aṣọ kúrò lára rẹ̀, àfi èyí tí ó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ. Kí a sì fi aṣọ mímọ́ bò ó lẹ́yìn náà, láìtú ìléròrò. Bí ó bá jẹ́ ojú, ọwọ́, tàbí abẹ́ ni, tàbí tí ó bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ, ilé ìwòsàn kò ṣe é sún síwájú. Mo mọ ohun tí yóò wá sí ọkàn ẹni tí ń gbé ibi tí a ti ń ra omi ní korobá: ta ni yóò da omi tí a fi owó rà sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú? A kò níláti dà á nù. Kí a bù ú sínú ọpọ́n, kí a ki ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà bọ̀ ọ́, tàbí kí a máa fi ife bù ú lé e léraléra.

Ìmọ̀, ìbáà ṣe rere ìbáà ṣe búburú, a máa bá ẹrù rin ìrìn-àjò. Kí ó tó di pé ìjọba Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí àti Ìgbòho ti ń ṣòwò ní ilẹ̀ náà láti ìran dé ìran. Bí wọ́n ti ń gbé aṣọ àti agbada lọ ni wọ́n ń gbé ìtọ́jú ilé lọ, tí wọ́n sì ń kọ́ ti ibẹ̀ bọ̀. Nítorí náà, bí a bá ń sọ ti Gánà, kí a má ṣe fi ti ilé bò. Lẹ́yìn tí a ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn ní ọdún 1957, ọ̀kan nínú ohun tí ó ba àwọn dókítà ọmọdé nínú jẹ́ jù ni gìrì. Kì í ṣe gìrì náà nìkan, bí kò ṣe ohun tí a ti ṣe sí ọmọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. A ti fún òmíràn ní àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe, àgbo tí ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ tí ó sì ń dá èémí dúró. A ti ti ẹsẹ̀ òmíràn bọ iná kí ìrora lè jí i. Ẹni tí gìrì ìbá fi sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ a wá fi àpá ẹsẹ̀ rìn títí ayé rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe é kì í ṣe ìkà, wọn kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀rù ni ó bà wọ́n, ohun tí àwọn àgbà sì kọ́ wọn ni wọ́n ṣe. Ọmọ tí gìrì mú, kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí a kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, kí a má ti ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí a wo agogo. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, bí ó bá tún dé, tàbí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀, kí a wá ọkọ̀.

Ọkọ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1923 ni Gómìnà Guggisberg ṣí ilé ìwòsàn Korle Bu ní Accra. Ní ọdún 1954 ni a kọ́ èyí tí ó wà ní Tema, nítorí àwọn òyìnbó tí ń kọ́ èbúté. Ibi ìtọ́jú ojú iná tí ó wà ní Korle Bu, tí Jack Mustardé, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Scotland, sa ipá púpọ̀ lé lórí, ṣí ní ọdún 1997. Ṣùgbọ́n ìjọba kò ní ọkọ̀ áńbúláǹsì tí ó kárí orílẹ̀-èdè. Takisí ni a ń gbé aláìsàn sí, tàbí ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní trotro, bí awakọ̀ bá gbà. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2001, ó ju 120 ènìyàn lọ tí ó kú ní pápá ìṣeré Accra nínú ìkọlura èrò. Ní ọdún 2004 ni a dá iṣẹ́ áńbúláǹsì orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀; ní oṣù kìíní ọdún 2020 a fi ọkọ̀ 307 kún un.

Síbẹ̀ ọkọ̀ kò lè wá sí ibi tí a kò ti mọ̀ pé ó yẹ kí a pè é. Bàbá tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní òwúrọ̀, tí apá rẹ̀ kan kò gbé sókè mọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń lọ́ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ọpọlọ rẹ̀ mọ́ tàbí ni ó ya sínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé a óò sọ pé ayé ni ó ṣe é, a óò sì lo ọjọ́ mẹ́ta láti wá ẹni tí ó ṣe é. Oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ, níbi tí ó bá wà, kì í sábà wúlò mọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àbọ̀.

Ní ọdún 1878, ní Woolwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà ológun kan, Peter Shepherd, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará ìlú ní ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ́ náà tàn kálẹ̀ ju bí ó ti rò lọ, ó sì kú lójú ogun Isandlwana ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ní Gánà, kí áńbúláǹsì tó dé, Charles Mock àti àwọn oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ náà gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Wọn kò dúró de ọkọ̀ tí kò sí. Àwọn awakọ̀ èrò tí ó ti ń gbé àwọn tí ó farapa ni wọ́n pè jọ, 335 ni wọ́n, wọ́n sì kọ́ wọn fún wákàtí mẹ́fà péré: bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí a ṣe ń ṣí ọ̀nà èémí, bí a ṣe ń gbé ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́. Ní bí oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà, wọ́n tọ àwọn kan lọ nínú wọn. Nínú gbogbo 100 awakọ̀ tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, 61 ti fi ẹ̀kọ́ náà ran ẹnì kan lọ́wọ́.