Ìjì Àrá Láti Ìlà Oòrùn: Bí A Ṣe Ń Tọ Ipasẹ̀ Rẹ̀ Kí Ó Tó Dé Àdúgbò Wa

Láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ọdún, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, òjò tó ń kó ìjì dání ló ń ṣí páànù lórí ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, tó ń wó ògiri, tó sì ń dá ọ̀pá iná. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń dé láàárín ìrun Àsárì sí Iṣáì, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní ilé kéwú, tí àwọn ìyá wọn ṣì wà lọ́jà. Àwọn olùkọ́ ilé kéwú máa ń bi wá léèrè pé, bí ojú sánmọ̀ bá ti ṣú, ṣé kí àwọn tú àwọn ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n sáré lọ sílé ni, àbí kí àwọn dá wọn dúró? A kò lè dáhùn láì mọ ibi tí ìjì náà wà, bí ó ṣe ń sáré tó, àti iye ìṣẹ́jú tó kù kí ó tó dé. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyí, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun.

Àwọn ìjì wọ̀nyí ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Ìlà oòrùn ni wọ́n ti ń wá, ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ń lọ. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pe irú wọn ní squall line, nítorí pé àwọn ìkúukùu àrá máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi sáàfù ìrun, láti àríwá sí gúúsù, ìlà náà sì lè gùn ju 300 kìlómítà lọ. Ilẹ̀ gíga ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, bí orí òkè Jos àti àwọn òkè ààlà Nàìjíríà àti Cameroon, lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá ti yan ilẹ̀. Nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù tó kún fún omi ń fẹ́ wá láti orí òkun. Òun ló ń bọ́ ìjì náà. Ṣùgbọ́n lókè, ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin, afẹ́fẹ́ alágbára kan wà tó ń fẹ́ láti ìlà oòrùn, òun ló sì ń ti ìjì náà lọ. Ìdí nìyí tí atẹ́gùn fi lè máa fẹ́ sí wa lára láti ìhà òkun, kí òjò sì máa bọ̀ láti òdìkejì.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé láti Ìbàdàn, Ìwó, Ẹdẹ tàbí Èkó, ìhà ìlà oòrùn tó tẹ̀ díẹ̀ sí àríwá ni a máa ń kọjú sí láti kírun. Ẹni tó bá kọjú sí Kíbúlà, ìhà tí ìjì sábà ti ń bọ̀ ló kọjú sí. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́sálásí wa, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mìhírábù ni òjò kọ́kọ́ ń gbà wọlé. Àwọn ládàánì mọ ohun tí à ń wí.

Kì í ṣe òjò gan-an ló ń ṣí òrùlé. Bí òjò bá ń bọ́ láti inú ìkúukùu gíga, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ kí ó tó kanlẹ̀, ìyẹn sì máa ń sọ afẹ́fẹ́ náà di tútù. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo. Yóò já wálẹ̀, yóò sì tàn ká síwájú bí omi tí a dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ ń dé: erùku á gbéra, ooru tó ti ń mú wa láti àárọ̀ á pòórá lójijì, ilẹ̀kùn á máa gbá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òjò ńlá á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni òjò wẹ́wẹ́ tó lè pẹ́ ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí erùku gbéra kí ó tó wá ibi sá sí ti pẹ́ jù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rin 50 sí 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Láti Àkúrẹ́ dé Ìbàdàn, bí ẹyẹ ṣe ń fò, tó nǹkan bíi 140 kìlómítà. Bí ìjì bá wọ Àkúrẹ́ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, tí kò sì kú lójú ọ̀nà, Ìbàdàn yóò rí i láàárín agogo márùn-ún kọjá sí agogo mẹ́fà. Ilé-Ifẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní agbede méjì wọn. Nítorí náà, iye àkókò tí ìjì lò láti Àkúrẹ́ dé Ifẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kó tún lò láti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan fún èyí ju fóònù lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé òjò ti dé ọ̀dọ̀ yín? Ṣé ó jà?" Bí àwọn olùkọ́ ilé kéwú tó wà ní ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ní ẹgbẹ́ WhatsApp kan, kí ẹni tó wà níhà ìlà oòrùn jùlọ máa kọ aago tí atẹ́gùn tútù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti bóyá ó ṣí páànù. Ìyẹn ti tó fún àwọn tó kù. Ìjì lè kú lójú ọ̀nà o, ó sì lè yà gba àríwá kọjá. Ẹ má bínú sí ẹni tó kìlọ̀.

Ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì tún lè rí i láti òkè. Sátẹ́láìtì Meteosat, ti àjọ àwọn ará Yúróòpù, wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà lókè òkun tó wà ní gúúsù Ghana, kò sì kúrò lójú kan náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ti ń ya àwòrán ilẹ̀ wa ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2022 ń yà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì ń rí mọ̀nàmọ́ná pàápàá, ọ̀sán àti òru. Nínú àwòrán ooru, ibi tó tutù jùlọ ni orí ìkúukùu tó ga jùlọ, ibẹ̀ sì ni àrá sábà máa ń wà. Ẹ fi àwòrán méjì wéra, kí ẹ wo bí etí ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ ṣe sún tó. Àléébù kan wà: orí ìkúukùu ni sátẹ́láìtì ń rí, kì í rí òjò tó ń rọ̀ nísàlẹ̀.

Radar ló ń rí ìyẹn. Yóò rán ìgbì jáde, òjò yóò dá a pa dà, a ó sì mọ ibi tí òjò wà àti bóyá atẹ́gùn inú rẹ̀ ń bọ̀ tàbí ń lọ. Amẹ́ríkà ní nǹkan bíi 160 irú rẹ̀. Nígbà tí ìjì ńlá ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 2020 kọjá ní ìpínlẹ̀ Iowa, ó rin nǹkan bíi 1,200 kìlómítà láàárín wákàtí mẹ́rìnlá, radar sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹbí wa tó wà lọ́hùn-ún ní láti mọ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjì: "watch" túmọ̀ sí pé ìjì lè ṣẹlẹ̀, "warning" túmọ̀ sí pé ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Láti ọdún 2021, bí wọ́n bá retí atẹ́gùn ìjì àrá tó tó 130 kìlómítà ní wákàtí, fóònù á fúnra rẹ̀ ké. Àwọn ará Houston rí irú ìjì bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 2024, tí gíláàsì ilé gíga ń já bọ́ sí ojú pópó.

Ní Áfíríkà, radar ojú ọjọ́ ṣọ̀wọ́n. Àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, NiMet, tó ti wà láti ọdún 2003, máa ń gbé ìkìlọ̀ jáde, ó sì yẹ kí lèmọ́mù tàbí akọ̀wé mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan máa wò ó lẹ́yìn ìrun Ṣúbúhì. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ni ìkìlọ̀ náà sábà máa ń dárúkọ, kì í dárúkọ àdúgbò. Fóònù sí ẹ̀gbọ́n yẹn ló máa parí iṣẹ́.

Àwọn kan máa ń kọminú pé ṣé kì í ṣe ìmọ̀ kọ̀rọ̀ ni a ń dá sí, nígbà tí ìparí Sūratu Luqmān ti dárúkọ òjò mọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Rárá. Ìjì tó ti wà ní Àkúrẹ́ kì í ṣe kọ̀rọ̀. Ojú ti rí i. Ohun tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún àwọn èèyàn ni kí wọ́n máa sọ pé ìràwọ̀ ló rọ òjò. Òun fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá wa Aishat ti gbà á wá, bí ó bá rí ìkúukùu, ojú rẹ̀ máa ń yí pa dà, á máa wọlé, á máa jáde, títí òjò yóò fi rọ̀, nítorí àwọn ìjọ Ād rí ìkúukùu tó ń bọ̀, wọ́n sì rò pé òjò lásán ni. Ní ti àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ olówó ìnáwó pé àwọn yóò dá òjò dúró, títí kan àwọn kan tó wé láwàní, a kò ní fi àyè wa ṣòfò lé wọn lórí.

Nígbà tí ẹ bá ti ń gbọ́ àrá, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá láàárín mọ̀nàmọ́ná àti ìró rẹ̀. Mẹ́ta mẹ́ta ni kìlómítà kan. Bí kò bá tó ọgbọ̀n, mọ̀nàmọ́ná tó kàn lè bọ́ sọ́dọ̀ yín. Ìdáhùn wa fún àwọn olùkọ́ nìyí: bí ó bá ṣì ku wákàtí kan, ẹ tú àwọn ọmọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí àgbà tẹ̀lé àwọn kéékèèké. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan jáde. Ẹ kó wọn sínú ilé onígiri tó lágbára, kì í ṣe abẹ́ àtíbàbà tàbí abẹ́ igi máńgòrò, kí wọ́n jìnnà sí fèrèsé. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn ni kí wọ́n tó lọ.

Ti ìrun náà rọrùn. Ní mádíhábì Màlíkì tí a ń tẹ̀lé, wọ́n gbà wá láàyè láti pa Mọ̀gáríbì àti Iṣáì pọ̀ ní mọ́sálásí nítorí òjò, ó sì wà nínú sunna pé kí ládàánì kéde pé kí èèyàn kírun sílé. Kí lèmọ́mù má ṣe tijú láti lò ó.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò lè fò. Ní àwọn àdúgbò wa kan, bí àrá bá lu ènìyàn, wọn kì í fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní kí àwọn onísàngó kọ́kọ́ dé. Kò sí iná kankan tó kù lára rẹ̀. Ó ṣeé fọwọ́ kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá mí mọ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kíákíá, bíi ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má sì dáwọ́ dúró títí àwọn oníṣègùn yóò fi dé tàbí títí ẹ ó fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.