Ìtọ́kasí Ìwé Nínú Ọ̀ràn Ilẹ̀ àti Oyè Èkó

Ẹni tí ó bá ń wá ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá nínú ìwé àwọn amòfin kò ní rí i lábẹ́ orúkọ oyè tí Ìsàlẹ̀ Èkó fi mọ ẹni tí ó pe ẹjọ́ náà. Ní Èkó, Olóyè Olúwa ni, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tí ilẹ̀ wà ní ìkáwọ́ wọn. Nínú ìwé ìròyìn ẹjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, orúkọ àbísọ rẹ̀ ni wọ́n lò, ìtọ́kasí ẹjọ́ náà kò sì ju báyìí lọ: Amodu Tijani v. Secretary, Southern Nigeria, [1921] 2 A.C. 399.

Ìjà ńlá ni ó wà lẹ́yìn ìlà kan ṣoṣo yìí. Ní ọdún 1913 ni ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá lábẹ́ òfin ọdún 1903. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó ní àbójútó lásán ni Olúwa ní lórí ilẹ̀ náà, pé ìwọ̀nba owó tí ó bá àbójútó mu ni ó tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ àwọn onílẹ̀. Ní ọdún 1920, Olúwa wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀n, Herbert Macaulay sì bá a lọ pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Eléko. Ọ̀ràn ọ̀pá yìí mú kí ìjọba bínú sí Eléko Èṣùgbàyí tí ó wà ní Ìgà Ìdúngànràn, wọ́n sì dá owó tí wọ́n ń san fún un dúró. Nígbà tí Viscount Haldane ka ìdájọ́ Privy Council ní ọdún 1921, ó ní ilẹ̀ náà jẹ́ ti gbogbo agbo tí Olúwa dúró fún, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó onílẹ̀ gan-an. Ó fi kún un pé àdéhùn ọdún 1861, nínú èyí tí Dòsùnmú fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ìyípadà ọba kò fọ́ ẹ̀tọ́ onílẹ̀.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ bí wọ́n ti ń ka ìtọ́kasí náà, nítorí àmì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́tà A.C. dúró fún Appeal Cases, ìwé tí wọ́n ń kó ìdájọ́ àwọn ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ jọ sí. Ìwé náà kò ní nọ́ńbà tí ń lọ láti ọdún dé ọdún. Ọdún fúnra rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi ọdún sínú àkámọ́ onígun mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ àkámọ́ róbótó ni, ọjọ́ ìdájọ́ lásán ni yóò máa fi hàn, ènìyàn sì lè rí ìwé náà láìsí i. Nọ́ńbà 2 sọ pé ìwé méjì ni ó jáde ní ọdún náà, 399 sì ni ojú ìwé tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé nọ́ńbà 2 yìí yóò ṣí ìwé kìíní, yóò sì bá ẹjọ́ ẹlòmíràn pàdé.

Ìtọ́kasí yìí rìn ju bí àwọn ará Àpápá ti lè rò lọ. Ní ọdún 1973, àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga Kánádà lò ó nínú ẹjọ́ tí àwọn ará Nisga'a pè lórí ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 1992 àwọn adájọ́ Ọsirélíà tún lò ó nínú ẹjọ́ tí Eddie Mabo pè lórí erékùṣù Mer. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò mọ Ìsàlẹ̀ Èkó rí. Ìlà kan tí wọ́n kọ dáradára ni ó gbé ọ̀rọ̀ Olúwa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ìlà náà bò mọ́lẹ̀. Níbi tí Haldane ti ń ṣàlàyé pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo bí kò ṣe ti ẹbí àti ìlú, ìròyìn tí Rayner, adájọ́ àgbà Èkó, kọ ní ọdún 1898 ni ó gbára lé. Ṣùgbọ́n a kò bí Rayner sí Èkó. Àwọn àgbà ni wọ́n ní ìmọ̀ náà, orúkọ wọn kò sì sí níbi tí Haldane ti fa ọ̀rọ̀ Rayner yọ. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń kọ̀wé lórí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ́ka sí Haldane, Haldane ń tọ́ka sí Rayner, ọ̀nà sì pin síbẹ̀. Samuel Johnson ṣe ju èyí lọ. Ó dárúkọ àwọn tí ó sọ̀tàn fún un: David Kúkọ̀mí ti Ìbàdàn, Josiah Òní, Lágùnjú Tìmì Ẹdẹ. Ìtọ́kasí gidi ni èyí, bí kò tilẹ̀ ní ojú ìwé.

Ọ̀ràn Johnson fi àléébù mìíràn hàn. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà kọ orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún sínú àkámọ́ ni wọ́n ń tọpa rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Edward Laurens Mark, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, tí ó lò ó ní ọdún 1881 nínú ìwé kan lórí ìgbín tí kò ní ìkarahun. Ó rọrùn, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ “Johnson (1921)”, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ọdún náà ni wọ́n kọ ìtàn. Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901. Ìwé tí ó kọ sọnù, Obadiah àbúrò rẹ̀ sì tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù. Ọwọ́ ta ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti wá? Àkámọ́ Mark kò lè dáhùn. Ti àwọn olóòtú ìwé ìṣègùn tí wọ́n pàdé ní Vancouver ní ọdún 1978 tún gé e kúrú sí i: nọ́ńbà nìkan ni ó wà nínú ọ̀rọ̀, orúkọ di ìparí ìwé.

Ní ti orúkọ, Èṣùgbàyí ni ó jìyà jù. Ìjọba lé e lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọdún 1925, ẹjọ́ rẹ̀ sì dé Lọ́ńdọ̀n ní ìgbà méjì. [1928] A.C. 459 sọ pé ó lè gbé ẹ̀bẹ̀ òmìnira rẹ̀ lọ láti ọ̀dọ̀ adájọ́ kan dé òmíràn. [1931] A.C. 662, èyí tí Lord Atkin kọ, sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn níwájú ilé-ẹjọ́ pé òfin wà lẹ́yìn ohun tí ó ṣe. Ọdún yìí náà ni Eléko padà sí Èkó. Ẹni tí ó bá kọ “ẹjọ́ Eleko” láìfi ọdún sí i, kò sọ ohunkóhun. Nígbà ogun, Atkin tún tọ́ka sí ẹjọ́ yìí nínú Liversidge v. Anderson, níbi tí òun nìkan ti takò àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. 1941 ni wọ́n dá ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n [1942] A.C. 206 ni wọ́n ń kọ.

Àwọn ìlànà ìwé sáyẹ́ǹsì a máa sọ pé kí wọ́n fi orúkọ ìkẹyìn ṣíwájú. Bí wọ́n bá fi ìlànà yìí mú Eshugbayi Eleko, yóò di “Eleko, E.”, bí ẹni pé Eléko ni orúkọ bàbá rẹ̀. Oyè ni, ọba tí ó jẹ́ ṣáájú rẹ̀ náà sì jẹ́ ẹ. Ohun tí ó tọ́ ni kí wọ́n kọ orúkọ náà bí ó ti wà nínú ìwé ẹjọ́, Èṣùgbàyí ní iwájú. Bákan náà ni Dòsùnmú, tí ó jẹ́ “Docemo” nínú àdéhùn 1861: nínú ìtọ́kasí, Docemo ni kí ó wà, kí ẹni tí ń wá a lè rí i, nínú ìtàn tí òǹkọ̀wé ń sọ fúnra rẹ̀, kí ó kọ Dòsùnmú.